Ta Ló Ni Èènì Orí Ọṣẹ?

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. N kò lè ní ẹ kú àárọ̀, nítorí n kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ kí n tó jókòó kọ ìwé yìí. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹlòmíì ló ń ka lẹ́tà mi sí yín létí. Bí mo bá jókòó láti kọ̀wé sí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ojú káfíńtà àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ tó ń kà á fún yín ni mo máa ń rí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ń dé ìpẹ̀kun agboolé. Nítorí náà, ohun tí gbogbo agboolé lè gbọ́ ni mo ń kọ: ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ bá mi kí Bùọ̀dá. Ohun tó bá ń dùn mí, mo máa ń gbé e mì. Ní báyìí, ẹ kò nílò ẹni tí yóò bá yín kàwé mọ́, n kò sì ní ẹni tí mo tún ń bo ọ̀rọ̀ fún. Ó dùn mí pé ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ lọ ni àyè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wá láti sọ̀rọ̀, èmi àti ẹ̀yin nìkan.

Ó rẹ̀ mí, Ìyá. Kì í ṣe àìsàn. Mò ń jẹun, mo sì ń sùn. Ọkọ mi kí yín. Ó ṣì ń ránṣọ ní Tákíè, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń pariwo bíi ti ọjọ́ tí ẹ ní ó dà bí ewúrẹ́ tó ń fi ìwo họ ilẹ̀kùn. Dúpẹ́ ọmọ wa ti ń sáré. Ní jíjókòó lẹ fi í sílẹ̀, ẹ kò rí i kó tó dìde. Ó máa ń mú ìró mi lẹ́yìn bí mo bá fẹ́ jáde, ó sì lágbára lọ́wọ́. Ta ló fi ìyẹn jọ, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ohun tó mú kó rẹ̀ mí ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo sá kúrò nídìí ọṣẹ dúdú tí ẹ ń ro lọ kọ́ ìwé, tí mo ní eérú ń ta mí lójú, ọṣẹ náà ló tún wá mi dé ilé ìwé.

Ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, inú yín dùn. Ẹ ní ká ní irú rẹ̀ ti wà nígbà èwe yín ni, ẹ̀yin náà ì bá máa fi ìwé bojú ní ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn ìyàwó tíṣà. Àwọn ọmọ náà wá lóòótọ́, Ìyá. Wọ́n wá títí wọ́n fi pọ̀ ju ilé lọ. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fún mi, kò sì sí yàrá fún wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń kàwé. Bí ìsìnkú bá ṣẹlẹ̀, a ó ru bẹ́ǹṣì wa lọ sábẹ́ igi òrombó tí kò ní ju ewé bíi mélòó kan lọ, a ó sì máa ka ìwé lọ nígbà tí àwọn èèyàn ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Àwọn bàbá ọmọ bá wa mọ ògiri yàrá kan. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn po amọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mọ ọ́n dáadáa. Òrùlé ló kù. Wọn ì bá fi koríko bò ó lọ́jọ́ kan péré, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń yẹ ilé ìwé wò fún ìjọba wá, ó ní àwọn kò ní ka yàrá oníkoríko sí kíláàsì. Ó ní bí òjò bá fi lè múlẹ̀ tí kò sí páànù lórí rẹ̀, kí àwọn ọmọ mi padà sílé títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọbìnrin tó bá padà sílé fún odidi ọdún kan, wọn á gbé ọmọ pọ̀n ọ́n, wọn á gbé igbá rù ú, ta ni yóò tún fà á padà lé tíṣà lọ́wọ́? Mo máa ń wo ojú wọn lórí bẹ́ǹṣì, mo sì máa ń mọ àwọn tí n kò ní rí mọ́.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, aṣojú ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń ta ọṣẹ. Kì í ṣe irú ọṣẹ yín. Ọṣẹ gígùn inú páálí ni, èyí tí ẹ máa ń ní kò ní ẹ̀mí nínú. Ọkùnrin náà wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí, ó sì ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ń ran ilé ìwé lọ́wọ́ káàkiri, pé wọn á gbé ọṣẹ wá fún wa láìgba kọ́bọ̀, àwọn ọmọ wa yóò kiri rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí, a ó sì jọ pín èrè.

Bí a ṣe máa pín in nìyí. Ọ̀pá ọṣẹ kan, a ó gé e sí ègé méjìlá, ègé kan kọ́bọ̀ kan. Ọ̀pá kan di ṣílè kan. Owó ègé mẹ́sàn-án jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, owó ègé mẹ́ta tó kù, ìyẹn tọ́rọ̀, jẹ́ tiwa. Tọ́rọ̀ lé tọ́rọ̀ ni yóò di páànù. Ọ̀gá ilé ìwé wa ka ìwé àdéhùn náà sókè sí gbogbo wa létí. Ó wà níbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mú tirẹ̀, àti pé bí owó bá dín, láti ara tiwa ni yóò ti dín. A gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọṣẹ kì í kú bí adìyẹ, kì í jẹrà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ló fẹ́ mú kó dín?

Ìyá, ká ní ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni a fún. Wọ́n fi okùn òwú gé ọṣẹ bí ẹ ṣe máa ń fi gé ẹ̀kọ tútù, wọ́n tò ó sórí àtẹ, wọ́n sì tú jáde sí ìlú. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Abẹ́ní, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí, àbúrò rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Òun ló dá ìpolówó sílẹ̀ fún wọn:

"Ọṣẹ ilé ìwé rè é o. Ẹ fi fọṣọ, ẹ fi kọ́lé."

Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Títí dé ọ̀nà oko la ń gbọ́ ọ. Ọṣẹ náà tán kí oṣù tó tán.

Nígbà tí aṣojú padà wá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ́ fìlà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé ọṣẹ fún ilé ìwé, òun kò tíì rí ìlú tó tà á tó báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó pín owó, òun àti Ọ̀gá. Wọ́n mú ti ilé-iṣẹ́ sọ́tọ̀, ó pé. Wọ́n wá wo tiwa. Ohun tó kù kò tó ra ìṣó tí a ó fi kan páànù, ká má tíì sọ páànù fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ náà. Ó to gbogbo àwọn ọmọ tó kiri ọṣẹ sí gbàgede, ó mú pàṣán lọ́wọ́.

"Ta ló ń gbé ọṣẹ lọ fún ìyá rẹ̀ nínú yín?"

Ó na pàṣán sí wọn.

"Mo ní ta ló jí ọṣẹ?"

Abẹ́ní gbé ọwọ́ sókè. "Kò sẹ́ni tó jí i, sà. Èènì ló lọ sí."

"Èènì wo?"

"Èènì tí a fi lé e fún àwọn tó rà á, sà. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan, mo máa ń rẹ́ fẹ́lẹ́ lé e. Ẹni tó bá ra púpọ̀, mo máa ń rẹ́ tó nípọn díẹ̀."

"Ta ló ní kí o máa fi èènì sí i?"

Ọmọ náà wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá bi í pé ta ló ní kó máa mí. "Kò sẹ́ni tó ní kí n máa fi í, sà."

Ọmọkùnrin kan gbè é lẹ́yìn láti inú ìlà. "Sà, bí a ò bá fi í, wọ́n á ní àwọn ìyá wa ò kọ́ wa lọ́jà."

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà, sà. Èmi náà. Èmi, ìyá àgbà kan ni mo fún ní méjì nítorí ó súre fún mi. Ọwọ́ Ọ̀gá rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú pàṣán. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àtàǹpàkò yín ni mo rí. Bí ẹ bá ti bu ọṣẹ sórí ewé tán, tí ẹni tó rà á ti ń na ọwọ́, ẹ ó tún ṣà díẹ̀ nínú ìkòkò, ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀, ẹ ó sì nu ọwọ́ mọ́ ìdí ìró yín. Ẹ kì í wo ẹni náà lójú nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Mo wá ń bi ara mi léèrè: níbo ni èènì tiyín ti ń wá? Ẹ kò jẹ gbèsè rí. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, bí ẹ kò tilẹ̀ lè sọ fún mi bóyá mo gbà á. Ẹ̀yin lẹ ń sun èèpo kòkó, ẹ̀yin lẹ ń sẹ́ omi eérú, ẹ̀yin lẹ ń ro ọṣẹ, ẹ̀yin lẹ sì ń dá iye lé e. Èènì ti wà nínú ìkòkò kí ọṣẹ tó dé orí àtẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹlòmíì ló dá iye, ẹlòmíì ló ka ègé. Ọwọ́ tó ń fúnni nìkan ni tiwọn.

Wọ́n pe ìpàdé òbí. Aṣojú náà wá, ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá. Àwọn bàbá sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì lọ síbì kan. Ìgbà tó yá ni ìyá Abẹ́ní dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó sanra, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ọmọ kó jẹun.

"Ọ̀gbẹ́ni aṣojú, ẹ kú ọ̀nà o. Àárọ̀ yìí, kí ẹ tó wọlé síbí, ṣé ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ àbúrò mi létí títì?"

"Mo rà á, mà."

"Ẹyọ mélòó lẹ sanwó rẹ̀?"

Ọkùnrin náà ti rí ibi tó ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó fi ẹyọ kan lé e fún mi, mà."

"Ó fi í lé e fúnra rẹ̀ ni, àbí ẹ bèèrè?"

"Mo bèèrè, mà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Kí òyìnbó tó ń rán yín níṣẹ́ san ẹyọ kan yẹn padà o."

Ìyá Abẹ́ní dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀kan ló kù. Nígbà tí ọṣẹ yìí wà lórí àtẹ ọmọ mi, ta ló ni ín?"

"Ilé-iṣẹ́ ló ni ín, mà, títí owó rẹ̀ á fi wọlé. Ilé ìwé ń bá wa tà á ni."

"Ó dáa. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó ni ọjà ló ń fi èènì sílẹ̀. Ẹni tó ń báni tajà kì í yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà sọ pé kò sí ìlú tí ọṣẹ yín ti yá tó báyìí. Èènì ló jẹ́ kó yá. Ẹ gba èrè èènì, ẹ wá fi èènì sọ́rùn àwọn ọmọ."

Ó jókòó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Aṣojú tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó wá ní òun náà mọ èènì, pé ìyá òun ń ta iyọ̀ kí òun tó dáyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń pín owó. Ó ní òun á kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun pé kí wọ́n gba owó ègé mẹ́jọ dípò mẹ́sàn-án lórí ọ̀pá kan, kí èyí tó kù jẹ́ ti èènì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ojú wa ló ti kọ ọ́.

A wá ń dúró. Ẹ mọ bí ojú ọ̀run ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ tán, tí yóò ṣú lọ́sàn-án, tí atẹ́gùn yóò gbé ekuru, tí yóò sì tún mọ́ láìrọ̀. Bí ó bá ti ṣú báyìí, gbogbo kíláàsì mi á gbójú sókè, èmi náà á gbójú sókè. N kò lè ní kí wọ́n wo pátákó.

Láàárín ìdúró yẹn ni mo wá sí Ọ̀yọ́. N kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣe ìnáwó yín. Bùọ̀dá ń gbìyànjú. Ìyàwó rẹ̀ kò ro ọṣẹ, ó ní òórùn rẹ̀ ń rí òun lára. Ìkòkò ńlá yín wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. N kò bá wọn jà. Mo jókòó sórí òkúta tí ẹ máa ń jókòó lé, mo sì rántí ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Dírẹ́fà ló jíṣẹ́, ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo dé gáréèjì, lọ́rì kò sì fẹ́ gbéra àfi tí èrò bá kún. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní n ó san owó ààyè tó kù, n kò sì ní in lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti wẹ̀ yín. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó wẹ̀ yín pé ọṣẹ wo ni wọ́n lò. Wọ́n ní tiyín ni, èyí tó kù nínú igbá. N kò rí ẹni tí mo lè sọ fún bí ìyẹn ṣe tù mí nínú tó. Ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀ lọ́nà? Ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi?

Èsì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Aṣojú fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, kò sì jókòó. Wọ́n ní ọ̀pá kan, ègé méjìlá ni. Wọ́n ní àwọn kò ní ohun tó ń jẹ́ èènì nínú ìṣirò àwọn. Wọ́n ní àwọn á tún gbé ọṣẹ wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a pín in bíi ti tẹ́lẹ̀, bí ilé ìwé bá lè rí i pé àwọn ọmọ ń tà á bó ṣe yẹ. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé gbà. Kí ni wọn ì bá ṣe? Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní ó ti dé Ìlọrin.

Ọ̀gá wá bá mi lábẹ́ igi òrombó. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ ọ́."

"Èmi kẹ̀, sà? Ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn."

"Bí èmi bá sọ ọ́, pàṣán ni wọ́n á gbọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀." Ó wo bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ mi. "Tiyín sì ni yàrá náà."

Ìyá, mo sọ ọ́. Mo dúró níwájú wọn ní òwúrọ̀ lẹ́yìn àdúrà, mo ní láti òní lọ, kí wọ́n má fi èènì sí ọṣẹ mọ́. Ègé kan, kọ́bọ̀ kan.

Abẹ́ní gbé ọwọ́ sókè. "Bí wọ́n bá bèèrè ńkọ́, mà?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ọjà ilé ìwé kò ní èènì."

"Bí wọ́n bá ní ahun ni wá ńkọ́, mà?"

Gbogbo wọn ń dúró de ohun tí n ó sọ. N kò mọ̀ pé ohùn mi lè le tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn."

Wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ rere ni wọ́n.

Ọṣẹ kejì kò yá. Mo tẹ̀ lé wọn dé Tákíè lọ́jọ́ kan, mo dúró sí ibi iṣẹ́ ọkọ mi, mò ń wò wọ́n. Ìyá àgbà kan ra ègé méjì, ó na ewé, ó dúró. Ọmọ tó ń tà á dúró. Ìyá náà ní, "Kò tíì tán, ọmọ mi." Ọmọ náà ní, "Ọjà ilé ìwé kò ní èènì, mà." Ó sọ ọ́ bí ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí. Ìyá náà dá ọṣẹ padà sórí àtẹ, ó gba kọ́bọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìwé tí ẹ ń kà náà nìyẹn." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè wọ́n ní òyìnbó dúdú, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ọwọ́-há. Àwọn ọmọ náà kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, bí mo ṣe sọ. Ìpolówó Abẹ́ní tán lẹ́nu wọn. Wọ́n kàn ń rìn ni.

Ṣùgbọ́n ìlú kò fi ilé ìwé sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń kùn, wọ́n sì ń rà á. Díẹ̀díẹ̀ ó tán, tọ́rọ̀ sì pé. A ra páànù. Àwọn káfíńtà gun orí ilé lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, yàrá mi ti ń kọ mànà láti ọ̀nà jíjìn. Ọkùnrin tó ń yẹ ilé ìwé wò wá, ó gbé orí sókè, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò sí ọmọ kankan tó padà sílé. Gbogbo ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ṣì wà lójú mi. Mo rò pé àárẹ̀ yóò kúrò lára mi lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá Abẹ́ní wá sílé mi. Ó kí mi, ó kí ọkọ mi, ó gbé Dúpẹ́ lé itan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tíṣà, mi ò bá ìjà wá o."

Mo ní kí ló dé, mà.

"Mo fi Abẹ́ní sídìí gàrí mi, mo lọ kí aláìsàn. Nígbà tí mo dé, gàrí wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó jókòó tì mí ní, bí ọmọ mi bá ti wọn gàrí tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀ kó tẹ́jú, á sì dà á. Kò bu nǹkan kan lé e. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ọṣẹ nìkan ni mo wí, mà."

"Mo mọ̀. Òun ni kò mọ̀." Ó gbé Dúpẹ́ sílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Mo ti bá a wí, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ kó ṣàṣìṣe. Ẹnu yín ló gbà gbọ́. Ẹ ṣáà bá mi tún un kọ́."

Mo ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́, n kò sì rí i. Mo pe ọmọ náà, mo ní kó máa bu èènì fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Tó báwo, mà?" Kí ni mo fẹ́ sọ, Ìyá? Ẹ̀yin gan-an, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹ jókòó kọ́ mi. Ó kàn wà lọ́wọ́ mi. Èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, èmi ni mo fi ẹnu mi yọ ọ́, kò sì dà bí ohun tí a lè fi ẹnu dá padà.

Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn, ẹ ó ha sọ ọ́ bí? Àbí ẹ ó jẹ́ kí àwọn kéékèèké lọ sílé? Mo ti yí i síhìn-ín, mo ti yí i sọ́hùn-ún. Ìgbà míì mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń ní kí n lọ jẹun, pé ọmọ mi ń wò mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ ọ́, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni.

Òjò ti múlẹ̀ báyìí. Lánàá, a wà nínú kíláàsì nígbà tó dé, ó sì dé pẹ̀lú agbára. Ẹ kò tíì jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní àjà rí. Ariwo rẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Mò ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ara mi. Àwọn ọmọ ń wo ẹnu mi bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé, àwọn kan ń ṣe ẹnu tiwọn náà bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀, mo jókòó sáàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì. Àbúrò Abẹ́ní fi orí tì mí lápá, ó sùn lọ. Mo ka gbogbo wọn lójú, wọ́n pé, ara wọn gbẹ. N kò rí ohunkóhun kọ́ wọn títí òjò fi dá.

Ẹ sùn dáadáa, Ìyá mi. N ó máa bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ọwọ́ eérú tọ́.